Ọjọ́ tí Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun Kọjá Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Pálọ̀ ilé wa ní Ìkòsí kò ní ọ̀dà. Ohun tó bo ògiri rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà ni pósítà, àwọn bébà ńlá ńlá tí wọ́n fi ń kéde eré ìdíje àgbáyé láyé àtijọ́. Bàbá bàbá mi ló kó wọn wálé. Pápá ìṣeré kan ní Èkó ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá àti bébà lílẹ̀ mọ́ ògiri, èyí tí wọ́n bá sì ní kí wọ́n sọ nù, wọ́n á ká a, wọ́n á fi há abíyá, wọ́n á gbé e bọ̀ wálé. Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n mo bá àwọn pósítà wọn láyé. Wọ́n ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, etí wọn ti ń ká, omi òjò tó ń gba inú ògiri wọlé sì ti ya àwọn àwòrán mìíràn sára wọn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tó dúró fún un. Obìnrin kan wà tó mú abẹ̀bẹ̀ dání, ọkùnrin kan wà tó ki ìyẹ́ mọ́ fìlà, ọkùnrin mìíràn sì wọ aṣọ funfun tó balẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ràkúnmí dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú yanrìn. Tiwa ni ọmọbìnrin kan tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn, mọ́ ọwọ́, mọ́ ẹsẹ̀, tó ru igbá, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, lọ́jọ́ kan bóyá báyìí ni wọ́n ṣe ń múra nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé n'Ìjẹ̀bú. Wọ́n wo ọmọbìnrin náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi? Aṣọ iṣẹ́ kan, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ta ló máa so gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kó tó lọ pa ẹ̀kùrọ́?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n sọ ohun tí mi ò gbàgbé mọ́: "Òkú ni wọ́n máa ń múra fún báyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n á wá aṣọ tó dáa jù, èyí tí kì í wọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ fún un, wọ́n á wá ní kí gbogbo ayé wá wò ó."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Láàárọ̀, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nínú agboolé wa ni okùn kànga tó ń ké, lẹ́yìn ẹ̀ ni fèrè àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó tòmátì àti ata bọ̀ láti òkè Ọya lọ sí Mile 12. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti apá Owódé Onírin, a máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu irin níbẹ̀, gbà, gbà, gbà, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò ṣí fún. Mọ́mì mi á ti máa dáná ẹ̀kọ, Ìyá Àgbà á jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n á máa ṣa ẹ̀gúsí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá pálọ̀, kí n sì fi aṣọ gbígbẹ nu eruku lójú àwọn èèyàn inú pósítà. Ṣáájú ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà sọ, iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi ni. Lẹ́yìn ẹ̀, mo máa ń di ojú bí mo bá ń nu ojú wọn, nítorí ó ń ṣe mí bíi pé ìka mi máa kan nǹkan tó tutù. Mo wá rí i pé kò sẹ́ni tó ń dàgbà nínú wọn. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó wo ẹnìkejì.

Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun ni àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá mi. Eré ló ń sá. Láàárọ̀ kùtù á sáré dé Ogudu, á sáré padà, á pọn omi tí gbogbo ilé máa lò. Èjìká òsì ló fi máa ń ru garawa láti kékeré, èjìká náà sì rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, tó fi jẹ́ pé bó bá ń rìn, á dà bí ẹni tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè gbọ́ ohun tí ọmọdé ń sọ. Ó kọ̀ kí n máa fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tósìn, bó o bá ń fọ̀wọ̀ wọ̀ mí báyẹn, mo máa darúgbó, mi ò ní lè sáré mọ́." Nígbà tí kò rí ẹgbẹ́ eléré kankan tó gbà á níbí, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Wàsíù, ọmọ Òkè Ògùn kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Ketu, gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìgbà náà, Wàsíù nìkan ló padà. Ó ti rù débi pé mi ò mọ̀ ọ́n. Bàtà eré kan ṣoṣo ló mú dání. Ó jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀ wa, ó ní omi tán lọ́nà, ẹsẹ̀ Ṣẹ́gun wú débi pé bàtà náà kò gbà á mọ́, Ṣẹ́gun sì ní kí Wàsíù máa lọ, pé òun á bá a níwájú. "Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan," ló wí. "Ó ti dùbúlẹ̀. Mo pè é, kò mira."

Bàtà náà ni wọ́n gbé lọ sin ní abúlé wa. Wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n ka Bíbélì lé e lórí. Ìyá kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ, nítorí náà èmi àti Ìyá Àgbà nìkan la kù sílé lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé wọ́n máa sunkún, mo ti ń wá ohun tí mo máa ṣe sílẹ̀. Wọn ò sunkún. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń wo ọkùnrin aláṣọ funfun tó wà lára ògiri, wọ́n wò ó títí tí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Wọ́n wá bi mí, "Aṣálẹ̀ nìyẹn, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Yanrìn ẹ̀ mọ́," bí ẹni tó lọ yẹ ilé wò fún ẹni tó fẹ́ kó síbẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnkú náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Òjò rọ̀ púpọ̀ lọ́dún náà, omi wọ ilé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ létí odò, Ìyá Ṣeun, télọ̀ kan tí Mọ́mì mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, sì kó máṣíìnì ìránṣọ wọn wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé wa. A ti gba ìsinmi nílé ìwé. Ọ̀sán Friday kan, iná wà, Dádì kò lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní kí gbogbo wa wá wo bí wọ́n ṣe máa ṣí eré ìdíje àgbáyé. Mọ́mì se àgbàdo, wọ́n fọ́ àgbọn sí i. Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ níta. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é jìnnà, ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tiwọn, iná oríṣiríṣi ń tàn, àwọn orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àwọn tó kù ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè jẹ àgbàdo ọwọ́ mi, nítorí mo mọ àwọn èèyàn yẹn. Obìnrin alábẹ̀bẹ̀ ló kọjá yẹn. Ọkùnrin tó ki ìyẹ́ mọ́ fìlà ló ń bọ̀ yẹn. Mo yíjú wo ògiri láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n sì tún wà nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ yí pápá ká nínú aṣọ tó dáa jù, wọ́n ń juwọ́ sí àwa tí wọn ò lè rí.

Nígbà tó kan tiwa, ilé pariwo. Agbádá aláwọ̀ ewé ni àwọn ọkùnrin wọ̀, àwọn obìnrin wé gèlè tó ga. Ìyá Ṣeun ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ọrùn yẹn! Ta ló rán an? Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sáré, kí ló fẹ́ fi agbádá ṣe?"

Dádì ní, "Àṣà wa ni wọ́n fi ń han ayé."

"Àṣà ta, Dádì Tósìn? Nínú gbogbo àwa tá a wà níbí, ta ló wọ agbádá?"

A wo ara wa. Ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn Dádì, Mọ́mì ró ìró tó ti ṣá, èmi wọ aṣọ ilé ìwé tó ti kéré sí mi. A bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti sún síwájú lórí àga wọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tiwa ni àwọn aláṣọ funfun jáde. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè wọn, nítorí ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣì ń gbé níbẹ̀. Wọn ò pọ̀, bóyá ogún. Aṣọ wọn balẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun mìíràn bo orí, ẹsẹ̀ wọn ò hàn, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń léfòó. Ẹnì kẹrin lápá òsì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Mi ò tíì rí ojú ẹ̀ tí mo ti dá a mọ̀, nítorí èjìká òsì ẹ̀ rẹlẹ̀, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ ọmọdé. Ó yíjú sí wa, ó gbé ọwọ́ sókè, ẹnu ẹ̀ mira. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fẹ́ kí n dákẹ́, mo mọ̀ báyìí pé ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí. Mo dìde, mo pariwo, "Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun!"

Iná lọ.

Gíláàsì tẹlifíṣọ̀n dúdú, a rí ojú tiwa nínú ẹ̀, gbogbo wa pátá, a jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Òjò nìkan là ń gbọ́. Nígbà tí Dádì fi máa ráyè tan jẹnẹrétọ̀, orílẹ̀-èdè mìíràn ló ń kọjá, wọ́n dé fìlà koríko, wọ́n ń jó. Mọ́mì ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé àwọn èèyàn máa ń jọra. Ìyá Ṣeun ti bọ́ síta nínú òjò, wọ́n ń pe Jésù. Ìyá Àgbà wo ojú mi, ohùn wọn ò le, ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Wọ́n ní, "O pè é, Àbẹ̀kẹ́. Kò yẹ kó o pè é."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa àkúdàáyà. Ìyá Àgbà ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ro ìkọ́kọrẹ́, láìyára, láìpariwo. Ẹni tó bá kú tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé lè lọ máa gbé níbòmíràn tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Á ṣiṣẹ́, á jẹun, á tiẹ̀ fẹ́yàwó. Wọ́n lè máa rí i lọ́nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé bá pe orúkọ ẹ̀ tàbí tó dá a lóhùn, ọjọ́ yẹn ló máa pòórá, kò sì ní sí níbì kankan mọ́. Mo bi wọ́n, "Ṣé ó ti pòórá nìyẹn?" Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, pé bóyá ibẹ̀ jìnnà, bóyá kò gbọ́. Láti ọjọ́ náà, wọ́n mú ìró wọn kan, wọ́n ní kí n bá àwọn fi ìṣó kàn án bo ọkùnrin aláṣọ funfun lára ògiri. Bí atẹ́gùn bá wọlé, ìró náà á gbé sókè, etí aṣọ funfun á yọ, á sì tún padà wọlé. Mi ò jẹun dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo gbà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun ti kú, àti pé èmi ni mo pa á ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Dádì ò gba ọ̀rọ̀ àkúdàáyà gbọ́. Wọ́n lọ sí kàfé kan ní Ketu tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá orúkọ àwọn eléré orílẹ̀-èdè náà, wọ́n tẹ àwòrán kan jáde, wọ́n mú un wálé. Orúkọ abẹ́ ẹ̀ kì í ṣe orúkọ wa, èdè tí a ò gbọ́ ni. Ojú ẹ̀ ni ojú Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun. Dádì gbé e síwájú ìyá wọn, wọ́n ní, "Màámi, ó wà láàyè. Mo máa kọ̀wé sí i."

Ìyá Àgbà ò wo bébà náà. Wọ́n dìde lórí àga. Mo rò pé wọ́n fẹ́ wọ yàrá ni, àfi bí wọ́n ṣe fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ níwájú Dádì, fún ọmọ tí wọ́n bí. "Mo bẹ̀ ọ́," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kó wà níbi tó wà." Dádì kígbe, wọ́n dojú bolẹ̀ gbalaja, wọ́n ń bẹ ìyá wọn pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n má ba tàwọn jẹ́. Mọ́mì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kànga, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu irin ní Owódé.

Ṣùgbọ́n Dádì kọ̀wé náà. Wọ́n fi àwòrán ìdílé wa sí i, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ kọjá. Ọ̀sán Saturday kan, Ìyá Àgbà ń rin iṣu ewùrà nínú kíṣìnì, fóònù Dádì dún ní pálọ̀. Nọ́ńbà ẹ̀ gùn. Dádì ní "Hẹ́lò," wọ́n gbọ́ ohùn náà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ní, "Ibo lo wà? Ibo lo wà láti ọjọ́ yìí?" Àwọn kan tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù la aṣálẹ̀ ló gbé Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun, ó ti dákú. Ó fọ ọkọ̀ ní ìlú kan, ó ru bíríkì ní òmíràn, títí ọkùnrin kan fi rí i tó ń sáré ní etí ọ̀nà, tó mú un lọ sí orílẹ̀-èdè tiẹ̀, tí wọ́n fún un níwèé àti orúkọ mìíràn. Wọ́n ní kó má mẹ́nu ba ti àtẹ̀yìnwá, ojú sì tì í láti kọ̀wé sílé nígbà tí kò tíì ní nǹkan kan lọ́wọ́. Gbogbo èyí ni Dádì ń tún sọ sókè bó ṣe ń sọ ọ́ fún wọn, kí ilé lè gbọ́. Wọ́n wá sáré wọ kíṣìnì, wọ́n fi fóònù sétí Ìyá Àgbà.

Mo wà níbẹ̀. Ohùn ẹ̀ jáde láti inú fóònù, ó tín-ín-rín, ó ń dún bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. "Màámi. Màámi, èmi ni. Èmi Ṣẹ́gun ni."

Ìyá Àgbà ò dá a lóhùn. Wọ́n fi ọwọ́ tó ní iṣu lára di fóònù náà mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí débi pé awọ ojú wọn ká jọ. Dádì ń ní, "Ẹ dá a lóhùn! Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn!" Wọn ò la ẹnu. Ó pè wọ́n, ó tún pè wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní kí wọ́n má bínú sí òun. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀ títí ìlà fi já. Nígbà náà ni wọ́n dá fóònù padà fún Dádì. Wọ́n ní, "Mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀." Dádì jáde láìwo ẹ̀yìn, wọ́n fi ilẹ̀kùn kíṣìnì sílẹ̀ gbayawu.

Mo rò pé wọ́n máa padà sídìí iṣu wọn. Wọ́n fà mí mọ́ra, ẹnu wọn kan etí mi. Wọ́n ní, "Òun ni. Ohùn ọmọ mi ni. Kò pòórá, Àbẹ̀kẹ́, ìpè tó o pè é ò lé e lọ." Wọ́n mí. "Bí mo bá dá a lóhùn, ó lè lọ. Kó máa wà. Kó wà sàn ju kí n rí i lọ." Wọ́n fi etí ìró nu ojú, wọ́n ní kí n fún àwọn lépo. Mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ní àtìmọ́lé.

Mo ti bí ọmọ méjì báyìí, mo sì ti wo irú ètò ìṣísílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan. Mi ò tíì lè wò ó bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wò ó. Orílẹ̀-èdè á kó aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ jáde, á fi wọ àwọn ọmọ ẹ̀, á ní kí ayé wá wo irú ẹni tí àwọn jẹ́, inú àwọn èèyàn á sì dùn. Tèmi ni pé mo máa ń wá ojú kọ̀ọ̀kan lábẹ́ gèlè àti fìlà, mo máa ń bi ara mi pé ta ló ń sunkún ẹni yìí nílé, kí sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ìyá Àgbà lo ọdún mẹ́wàá sí i lẹ́yìn ìpè náà. Wọn ò bá Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun sọ̀rọ̀ rí. Oṣooṣù ló ń pe Dádì, Dádì á jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti gbà á, bí wọ́n bá wọlé, Ìyá Àgbà á béèrè láìgbójú sókè, "Ẹni yẹn, ṣé ara ẹ̀ le?" Dádì á ní ara ẹ̀ le. Ìgbà tí Ìyá Àgbà kú ló tó wálé. Ìyá Ṣeun, tó ti darúgbó, rí i lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ẹsẹ̀ ẹ̀ bóyá ó kanlẹ̀ kí wọ́n tó kí i, èmi náà wò ó, ojú sì tì mí. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, èmi àti ẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Irùngbọ̀n ẹ̀ ti ń funfun. Ó ní, "Tósìn, Màámi bínú sí mi títí wọ́n fi kú. Wọ́n gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, wọn ò dá mi lóhùn."

Mo sọ ohun tí wọ́n sọ sí mi létí nínú kíṣìnì fún un, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó wá ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.